Owó tí ìjọba ń fi ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́: èwo ló lérè, èwo ló ṣòfò?

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025 ni USAID kógbá sílé. Ààrẹ John F. Kennedy ló dá àjọ náà sílẹ̀ lọ́dún 1961 kó lè máa bójú tó owó tí Amẹ́ríkà fi ń ran àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́. Ọjọ́ tí Donald Trump padà gorí àléfà lóṣù Kìíní ọdún 2025 gan-an ló fọwọ́ sí àṣẹ tó dá owó ọ̀hún dúró fún 90 ọjọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta, Marco Rubio, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nínú ìjọba rẹ̀, ti kéde pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tí àjọ náà ń ṣe, àwọn ti fagi lé 83. Àwọn tó ṣẹ́ kù ni wọ́n kó lọ sí iléeṣẹ́ Rubio.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀. Lóṣù Kejì ọdún yẹn kan náà, Keir Starmer, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé nígbà tó bá fi máa di 2027, òun á ti gé owó ìrànwọ́ tiwọn láti ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà sí ìdá 0.3, kí òun lè rí owó fi kún ti àwọn ológun. Jámánì àti Faransé náà gé tiwọn.

Àwọn tó fara mọ́ ìgékù yìí ní àwíjàre tó yẹ ká fetí sí. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí òrùlé ilé ìwòsàn bá ń jò sórí aláìsàn nílé, kí ló dé tí owó orí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru fi máa lọ kọ́ ilé ìwòsàn sí òkè òkun? Wọ́n tún ní àpò àwọn alágbára ni ọ̀pọ̀ owó náà ń bọ́ sí, pé aláìní tí wọ́n ń dárúkọ kì í fojú kàn án. Mi ò ka ẹni tó ń béèrè irú èyí sí ọ̀dájú. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fún un ní èsì gidi bí a bá da gbogbo ohun tó ń jẹ́ ìrànwọ́ pọ̀ sójú kan. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú ẹ̀. Owó tí wọ́n fi ń wá ojúrere olórí ìlú kan wà nínú ẹ̀. Ọkà tí àwọn àgbẹ̀ tiwọn rí tà fún ìjọba wà nínú ẹ̀. Owó òtẹ́ẹ̀lì tí kò kúrò nílùú wọn rárá pàápàá wà nínú ẹ̀. Òmíràn nínú wọn ti mú èrè wá tí kò sí òwò kan láyé tó mú irú ẹ̀ wá rí, òmíràn sì wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí owó náà ṣe tó. Lọ́dún 1970, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí orílẹ̀-èdè olówó kọ̀ọ̀kan máa ya ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìrànwọ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ olùrànwọ́ ti OECD, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè olówó wà nínú rẹ̀, mẹ́rin péré ló kọjá ibẹ̀ lọ́dún 2024: Norway, Luxembourg, Sweden àti Denmark. Lọ́dún 2024 yẹn, Amẹ́ríkà ni owó tirẹ̀ pọ̀ jù tí a bá ń ka dọ́là, ṣùgbọ́n ìdá 0.22 péré ni. Àpapọ̀ ti gbogbo wọn lọ́dún náà jẹ́ nǹkan bí 212 bílíọ̀nù dọ́là. Ó ti fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún rẹlẹ̀ sí ti 2023, bẹ́ẹ̀ ìgékù ti ọdún 2025 ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn.

Àjọ KFF, tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ ìlera ní Amẹ́ríkà, ti bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé eélòó nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ wọn ló ń bá ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè lọ. Ohun tí wọ́n máa ń sọ, bí a bá pín ìdáhùn wọn dọ́gba, máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹni tó bá gbà pé ìdá kan nínú mẹ́rin owó orí òun ń lọ sọ́dọ̀ àjèjì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Àwọn olóṣèlú tó mọ iye tó jẹ́, tí wọn ò sọ ọ́, ni mo dá lẹ́bi. Síbẹ̀, kíkéré owó kì í ṣe àwíjàre fún òfò. Ohun tó yẹ ká wò ni ohun tí owó náà ṣe.

Ibi tí owó náà ti mú èrè wá

Láàárín ọ̀rúndún ogún, nǹkan bí 300 mílíọ̀nù èèyàn ni ṣọ̀pọ̀ná pa. Lọ́dún 1958, Soviet Union gbé àbá wá síwájú ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé pé kí gbogbo ayé pawọ́ pọ̀ lé àrùn náà lọ. Lọ́dún 1967 ni iṣẹ́ ọ̀hún gbéra ní pẹrẹu. Soviet Union ló pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn àjẹsára, Amẹ́ríkà sì gbé owó àti àwọn onímọ̀ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí, àdó olóró ni wọ́n kọ sára wọn nígbà yẹn.

Ọgbọ́n tó ṣẹ́gun àrùn náà kò ti olú ìlú kankan wá. Ní ìparí ọdún 1966, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, William Foege, wà ní apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà nígbà tí ṣọ̀pọ̀ná bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Oògùn àjẹsára tó wà lọ́wọ́ wọn kò lè kárí gbogbo èèyàn. Wọ́n wá fi rédíò àwọn ajíhìnrere ránṣẹ́ káàkiri láti mọ abúlé tí àrùn ti wọ̀, àwọn tó yí aláìsàn ká àti ibi tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń bá ṣọjà ni wọ́n sì fún ní abẹ́rẹ́. Àrùn náà ò rí ibi gbà kọjá. Ọ̀nà yìí ni gbogbo ayé wá ń tọ̀. Lọ́dún 1977, ní Somalia, ni ẹni ìkẹyìn tó kó o láwùjọ ṣàìsàn, ó sì yè é. Lọ́dún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kò sí i mọ́ láyé.

Gbogbo owó tí iṣẹ́ náà gbà láti 1967 kò ju nǹkan bí 300 mílíọ̀nù dọ́là. Owó tó ti òkè òkun wá kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn náà ń bá fínra ló san ìyókù. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí àwọn tó ń yin ìrànwọ́ àti àwọn tó ń bú u jọ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀kan ń nawọ́, èkejì ń tẹ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Oògùn tó ti òkè òkun wá kò bá ti wúlò bí kò bá sí àwọn agúnbẹ́rẹ́ tó mọ ọ̀nà abúlé. Lónìí, ohun tí ayé ń rí fi pamọ́ lọ́dọọdún nítorí pé kò sẹ́ni tó ń gba abẹ́rẹ́ ṣọ̀pọ̀ná mọ́ lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹni tó ń sanwó orí ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ń jẹ èrè náà.

Irú iṣẹ́ yẹn kò parí síbẹ̀. Lọ́dún 1986, nígbà tí àjọ tí Jimmy Carter dá sílẹ̀ dáwọ́ lé ìgbógunti sòbìà, nǹkan bí 3.5 mílíọ̀nù èèyàn ló ń kó o lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè 21. Lọ́dún 2024, èèyàn 15 ló kó o. Sòbìà kò ní oògùn, kò sì ní àjẹsára. Asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, ìkìlọ̀, àti àwọn ará abúlé tó gbà láti máa ṣọ́ odò ló lé e lọ.

Ti éèdì ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì wò dáadáa. Nígbà tí George W. Bush ń bá ilé aṣòfin sọ̀rọ̀ lóṣù Kìíní ọdún 2003, ó ní nínú ọ̀kẹ́ àìmọye tó ní kòkòrò HIV ní Áfíríkà, 50,000 péré ló ń rí oògùn lò. Ó tún ní owó oògùn náà ti já wálẹ̀ láti 12,000 dọ́là lọ́dún sí ohun tí kò tó 300. Kì í ṣe àánú ìjọba kankan ló já a wálẹ̀: lọ́dún 2001, Cipla, iléeṣẹ́ apoògùn kan ní Íńdíà, ti fi han ayé pé òun lè pò ó ní 350 dọ́là. Ètò tí Bush dá sílẹ̀, tó ń jẹ́ PEPFAR, ti ná ohun tó lé ní 100 bílíọ̀nù dọ́là, ìjọba Amẹ́ríkà sì ṣírò pé ó ti gba ẹ̀mí 25 mílíọ̀nù èèyàn là. Bí ẹ bá pín in, ó lé díẹ̀ ní 4,000 dọ́là fún ẹ̀mí kan. Nínú ohun tí ìjọba ayé yìí ń náwó lé, mi ò mọ ọ̀pọ̀ tó lè kọ irú ìṣirò yẹn sílẹ̀.

Ibi tó ti bàjẹ́

Ẹ wá wo apá kejì. Mobutu Sese Seko jọba lórí Zaire, tó ń jẹ́ Congo lónìí, láti 1965 sí 1997. Ìwọ̀-oòrùn ayé ń rọ̀jò owó lé e lórí nítorí pé kì í ṣe ọ̀rẹ́ Soviet Union. Lọ́dún 1982, Erwin Blumenthal, ará Jámánì tí IMF, àjọ àgbáyé tó ń yá àwọn ìjọba lówó, ti rán lọ sí báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè náà, kọ ìwé pé ìwà ìbàjẹ́ ibẹ̀ ti kọjá àtúnṣe, pé kò sí ìrètí pé àwọn tó ń yá a lówó máa rí owó wọn gbà. Wọ́n ka ìwé náà tán, wọ́n sì ń bá a lọ láti máa yá a lówó. Gbèsè yẹn, ọrùn àwọn ará ìlú ló bọ́ sí nígbà tí Mobutu lọ tán. Ẹni tó bá ń fi Zaire ṣe àpẹẹrẹ pé ìrànwọ́ ò wúlò jàre lórí òfò tó bá àwọn ará ibẹ̀. Ohun kan ló yẹ kó fi kún un: kì í ṣe òṣì ni wọ́n fi owó yẹn bá jà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n fi rà, ọ̀rẹ́ náà sì ni wọ́n rí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀, wọ́n sì gbé e délé ẹjọ́. Ìdídò Pergau ní Malaysia, tí owó ìrànwọ́ 234 mílíọ̀nù pọ́n-ùn wọ̀, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ìjọba fúnra wọn ló sọ pé kò bójú mu. Wọ́n ṣe é síbẹ̀, nítorí Malaysia ń ra ohun ìjà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1994, ilé ẹjọ́ gíga ní London dá a pé owó náà lòdì sófin. Nígbà tó di 2002, wọ́n ṣe òfin tuntun tó sọ pé dídín òṣì kù ni owó ìrànwọ́ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lé lórí. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé àwùjọ àwọn ará ìlú ló pe ìjọba lẹ́jọ́, tí adájọ́ sì dá wọn láre.

Ti oúnjẹ tún wà. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ó kéré tán ìdajì oúnjẹ ìrànwọ́ wọn máa bá ọkọ̀ ojú omi tó ń ta àsíá Amẹ́ríkà lọ, èyí tó sábà máa ń wọ́n ju ọkọ̀ mìíràn lọ. Lọ́dún 2009, GAO, tó ń yẹ ìwé ìnáwó wò fún ilé aṣòfin wọn, rí i pé ní Áfíríkà, oúnjẹ tí wọ́n bá rà ní tòsí ibi tí ebi ti ń pa èèyàn fi nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún dínwó sí èyí tó ti Amẹ́ríkà wá. Èyí tó ń ti òkè òkun bọ̀ tún máa ń pẹ́ kó tó dé. Ọ̀pọ̀ owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ebi ń pa, ọwọ́ àwọn onílé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló wà.

Owó kan tún wà tí kì í jáde nílé rárá. Òfin ìgbìmọ̀ OECD gbà kí ìjọba ka owó tó bá ná lórí àwọn olùwá-ibi-ìsádi láàárín ọdún kìíní tí wọ́n dé sí ara ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Lọ́dún 2022, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ná 3.7 bílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́nà yìí, ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìrànwọ́ wọn, tí púpọ̀ rẹ̀ bá owó òtẹ́ẹ̀lì lọ. Ó yẹ kí èèyàn tó sá ogun ríbi sùn, mi ò janpata lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ tó wà lókè òkun.

Ṣé ìrànwọ́ ló ń sọ orílẹ̀-èdè di olówó?

Ibí ni àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ ti le jù. Dambisa Moyo, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Zambia, sọ pé ìjọba tó ń rí owó gbà lókè òkun kò ní gbára lé owó orí àwọn ará ìlú rẹ̀, kò sì ní rí ìdí tó fi yẹ kó máa jíhìn fún wọn. William Easterly, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ní ẹni tó jókòó sí ìlú olówó tó ń ṣètò ayé aláìní kì í gbọ́ ohùn aláìní nígbà tí ètò náà bá kùnà. Angus Deaton, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015, náà wà nítòsí ibẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́ lórí owó tí wọ́n ń dà sínú àpò ìjọba láì ní iṣẹ́ kan pàtó. Mi ò gbà á lórí àjẹsára, nítorí pé ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ti gbà á, ìjọba ibẹ̀ ì báà dára, ì báà burú.

Gúúsù Kòríà ni àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ìrànwọ́ fẹ́ràn láti máa dárúkọ. Lẹ́yìn ogun tó parí ní 1953, owó Amẹ́ríkà ló ń gbé ìjọba ibẹ̀ ró. Lọ́dún 2010, òun fúnra rẹ̀ wọ ìgbìmọ̀ olùrànwọ́ ti OECD. Ìtàn tó wúni lórí ni, àmọ́ wọ́n pín ilẹ̀ fún àgbẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ́ gbogbo ọmọ níwèé, wọ́n sì tajà fún gbogbo ayé. Owó àlejò ra àkókò fún wọn. Àwọn ló mọ ohun tí wọ́n fi àkókò náà ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n máa ṣe sí i ni irú èyí tí USAID fúnra rẹ̀ ṣe ní Rwanda. Wọ́n gbé ètò kan tó ń kọ́ àwọn ìdílé nípa oúnjẹ aṣaralóore àti ìmọ́tótó sí ẹ̀gbẹ́ owó lásán tí wọ́n fi lé àwọn ìdílé mìíràn lọ́wọ́. Èsì jáde ní 2018: láàárín ọdún kan, ètò náà kò fi bẹ́ẹ̀ mú ìlera àwọn ọmọ sunwọ̀n, owó lásán tí iye rẹ̀ bá ti ètò náà dọ́gba kò sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tó pọ̀ gan-an jù ú lọ ló mú kí àwọn ọmọ náà dàgbà dáadáa sí i. Iléeṣẹ́ ìjọba tó fi iṣẹ́ ara rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n báyìí, tó sì jẹ́ kí ayé rí èsì tí kò gbè é, ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe ni, kí wọ́n má tì í pa.

Àwọn ìjọba tó ń gbà náà ní ẹ̀bi tiwọn. Lọ́dún 2001, àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Abuja, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn á máa ya ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́jẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ fún ìlera. Púpọ̀ nínú wọn ò débẹ̀ rí. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó dúró ní 2025, kò pé oṣù kan tí ilé aṣòfin Nàìjíríà fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera ọdún náà. Inú mi dùn sí i, ó sì bí mi nínú. Owó tó ṣeé rí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹ kó ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe gé owó náà kò bá ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án mu. Wọn ò ya èyí tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó burú. FEWS NET, ètò Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985 láti máa wo òjò, irè oko àti iye tí oúnjẹ ń lọ lọ́jà kó lè kìlọ̀ ṣáájú ibi tí ìyàn máa mú, kò ṣeé wò mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún oṣù mélòó kan. Ìwádìí ilé-dé-ilé tí wọ́n ti ń ṣe láti 1984 ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 90, èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọba fi ń mọ iye ọmọdé tó ń kú, ni wọ́n fòpin sí lóṣù Kejì. Lóṣù Keje, nǹkan bí 500 tọ́ọ̀nù bisikíìtì aṣaralóore, tí wọ́n ti rà ní nǹkan bí 800,000 dọ́là fún àwọn ọmọ tí ebi ń pa, bàjẹ́ sínú ilé ìkẹ́rù ní Dubai nítorí pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i kó jáde. Wọ́n tún san 130,000 dọ́là láti run ún. Mi ò rí bí ẹni tó bá kórìíra ìfowó-ṣòfò ṣe lè gbèjà ìyẹn.

Ohun tó ń rọ́pò ètò àtijọ́ ti ń yọjú. Lóṣù Kejìlá ọdún 2025, Kenya àti Amẹ́ríkà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ìlera ọlọ́dún márùn-ún: Amẹ́ríkà á mú 1.6 bílíọ̀nù dọ́là wá, Kenya náà á fi 850 mílíọ̀nù kún tirẹ̀. Pé kí ẹni tó ń gbà máa dá owó sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ní Kenya ti dá apá tó kan fífi àkọsílẹ̀ ìlera àwọn ará ìlú ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà dúró, ó sì yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ka ibẹ̀ dáadáa kó tó fọwọ́ sí i.

Oògùn tuntun kan tún wà, lenacapavir, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún ń dènà HIV. Ní Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n kọ lé e lé ní 28,000 dọ́là fún ọdún kan. Àdéhùn ti wà pé láti 2027, àwọn iléeṣẹ́ apoògùn ní Íńdíà á máa tà á ní nǹkan bí 40 dọ́là fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Eswatini àti Zambia ti gba àkọ́kọ́ nínú èyí tí wọ́n kó ránṣẹ́ lóṣù Kọkànlá ọdún 2025. Lóṣù yẹn kan náà ni Global Fund, àjọ àgbáyé tó ń kówó jọ láti gbógun ti éèdì, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà, tó wà lára àwọn tó fẹ́ rà á fún èèyàn mílíọ̀nù méjì, tọrọ 18 bílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ àwọn olùrànwọ́ fún ọdún mẹ́ta tó ń bọ̀. Ìlérí tó wọlé jẹ́ 11.34 bílíọ̀nù.